Iná Agbẹ̀dẹ Tí Kò Ní Irin Nínú: Ọ̀rọ̀ Lórí Ṣíṣọ́ Iná Mànàmáná Lò Nínú Agbo Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá

Nígbà tí mo fi àkọlé ọ̀rọ̀ yìí ṣọwọ́ sí àwọn tí ó ṣètò ìjókòó wa, ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá mo ti pa lítíréṣọ̀ tì, tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ oníná. N kò pa á tì. Ẹkún ìyàwó ni ó mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, bí ó sì ti ṣe mú mi dé ibẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Òkè-Ògùn mọ ohun tí à ń pè ní ẹkún ìyàwó ju bí mo ti lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọbìnrin bá fẹ́ kúrò ní ilé bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ọkọ, yóò lọ kí àwọn òbí àti ẹbí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fi ohùn arò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, yóò tọrọ ìre, yóò sì sọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù nínú ọ̀nà tí ó fẹ́ tọ̀. Ìsẹ́yìn wà lára àwọn ìlú tí ewì yìí ti gbilẹ̀. Lóde òní, ìyàwó tí ó ń sun ẹkún kò wọ́pọ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti alága ìdúró ti gba iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ohun tí ó kù fún àwa tí a ń kọ́ni ní ewì alohùn ni ohùn tí àwọn olùwádìí ti gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì nígbà kan rí, tí a sì dà sínú ẹ̀rọ ayárabíàṣá lẹ́yìn náà.

Irú ẹ̀rọ tí a ń kó nǹkan bẹ́ẹ̀ sí kì í ṣe èyí tí a ń gbé sórí tábìlì. Sáfà ni à ń pè é: ẹ̀rọ tí kò ní ojú tí ènìyàn ń wò, tí ó jókòó sínú yàrá kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti máa dá àwọn ẹ̀rọ mìíràn lóhùn bí wọ́n bá béèrè ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, mẹ́wàá irú rẹ̀ ni ó wà nínú yàrá kan. Ọ̀kan ń tọ́jú èsì ìdánwò, ọ̀kan jẹ́ ti ilé ìkàwé, ọ̀kan ń pín lẹ́tà, ọ̀kan ni ohùn àwọn ìyàwó wa wà. Nígbà tí mo béèrè iṣẹ́ tí àwọn mẹ́ta kan ní igun yàrá ń ṣe, ẹni tí ń ṣọ́ wọn wò mí, ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, a bá wọn ní títàn ni.” Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lára tọ̀sán-tòru, jẹnẹrétọ̀ kan sì wà lẹ́yìn ilé tí ń bọ́ gbogbo wọn bí iná ìjọba bá lọ.

Ní òru ọjọ́ kan dísẹ́ẹ̀lì tán. Gbogbo wọn kú lójijì. Nígbà tí iná dé, díìsìkì tí ohùn àwọn ìyàwó wà lórí rẹ̀ kò jí mọ́. Ohun tí ó wà nínú ogójì kásẹ́ẹ̀tì ni ó lọ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà gan-an, òmíràn ti bu, òmíràn ti sọnù, nítorí pé nígbà tí a ti dà wọ́n sínú ẹ̀rọ tán, a rò pé iṣẹ́ wọn ti parí.

Gbogbo ènìyàn ní àìsí iná ni ó fa àdánù yìí. Mo fara mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè ohun tí ó jẹ dísẹ́ẹ̀lì náà tán.

Ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa nígbà tí mo rántí ilé agbẹ̀dẹ ní Ṣakí. Ẹni tí ó bá ti jókòó níbẹ̀ rí yóò mọ̀ pé iná kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ìgbà tí irin wà nínú rẹ̀ àti ìgbà tí kò sí. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ-iṣẹ́ bá ń fẹ ẹwìrì, èédú ń jó. Ìdí nìyí tí ọ̀gá kì í fi í gbà kí a máa fẹ ẹwìrì lásán. Bí irin bá tán, yóò ní kí wọ́n fi eérú bo ẹ̀yinná mọ́lẹ̀. Kò pa iná náà tán, nítorí pé iṣẹ́ ńlá ni dídá iná mìíràn. Kò sì jẹ́ kí ó máa jó sí òfo. Bí alágbẹ̀dẹ méjì bá wà ní ilé kan, tí irin ọwọ́ olúkúlùkù kò sì pọ̀ lọ́jọ́ náà, orí iná kan ni wọn yóò jọ ṣe é.

Sáfà kò yàtọ̀ sí iná yìí. Ní ọdún 2007, Luiz André Barroso àti Urs Hölzle, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Google, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò tíì gbàgbé. Wọ́n fi hàn pé láàrin ìdá 10 àti ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún agbára sáfà ni ó sábà máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́, àti pé sáfà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan, tí ó kàn wà ní títàn, ṣì ń jẹ nǹkan bí ìdajì iná tí ì bá jẹ bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ irú èyí tí a ṣe kí ó má jẹ iná púpọ̀. Àwọn tí a ń ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ti sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tuntun ni ó sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Tòkunbọ̀ ni, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti lò gbó, tí wọ́n sì tà nítorí pé ó ń jẹ iná jù fún wọn.

Ọgbọ́n tí a fi lè kó irin púpọ̀ sínú iná kan ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1967, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ IBM ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ti ń lo ètò kan tí ó mú kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo máa hùwà bí ẹni pé ẹ̀rọ púpọ̀ ni. Ní ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ náà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ VM/370, jáde fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbà náà wọ́n púpọ̀, kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti ra méjì, nítorí náà ni wọ́n ṣe wá ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè fi jọ lo ọ̀kan. Nígbà tí ẹ̀rọ kékeré wá di olówó pọ́ọ́kú, olúkúlùkù ra tirẹ̀, ọgbọ́n náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé láàrin àwọn tí ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ VMware, tí a dá sílẹ̀ ní 1998, wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ jí.

Ohun tí wọ́n ń pè ní virtual machine, n ó pè é ní ayálégbé. Ẹ̀rọ tí a lè fọwọ́ kàn, n ó pè é ní ilé. Ètò kan wà tí ó ń pín yàrá àti iná fún àwọn ayálégbé, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹnìkan yọjú sí yàrá ẹnìkejì; ètò náà ni onílé. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan gbà pé òun nìkan ni òun ń gbé ilé náà. Èsì ìdánwò, lẹ́tà, ilé ìkàwé àti ẹkún ìyàwó lè jọ wà nínú ilé kan, kí ọ̀kan má sì mọ̀ pé èkejì wà níbẹ̀.

Èyí nìkan kò tó, nítorí pé iṣẹ́ kì í dọ́gba lójoojúmọ́. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìmọ̀ yìí ni pé ayálégbé lè kó kúrò ní ilé kan lọ sí òmíràn láìjẹ́ pé àwọn tí ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ̀ pé ó ti kó. Ní ọdún 2005, Christopher Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yunifásítì Copenhagen ní Denmark ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹrù ńlá rẹ̀ wà nínú àká kan tí gbogbo ilé jọ ń lò, nítorí náà kò sí ìdí láti gbé e. Ohun tí ó wà nínú ìrántí ẹ̀rọ nìkan ni a ní láti kó. A ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sí ilé tuntun nígbà tí ayálégbé ṣì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́, yóò máa yí díẹ̀ padà nínú ohun tí a ti kó. A ó tún padà wá kó ìwọ̀nba tí ó yí padà, a ó tún padà wá kó èyí tí ó tún yí padà lẹ́yìn ìyẹn, títí ohun tí ó kù yóò fi kéré púpọ̀. Nígbà náà ni a ó dá a dúró fírí, a ó gbé ìyókù, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ ní ilé kejì. Nínú ìdánwò wọn, ìdádúró náà kéré débi pé ó mọ ní ìdá 60 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú kì í tètè ṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ká ní obìnrin kan ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó ń kó ilé, ọbẹ̀ náà kò ní dákẹ́ híhó.

Bí èyí bá ti ṣeé ṣe, àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba. Ní alẹ́, tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí àwọn tí ń béèrè nǹkan bá dín kù, a lè kó gbogbo ayálégbé sí ilé méjì tàbí mẹ́ta, kí a sì pa àwọn ilé tí ó ṣófo. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí wáyà láti jí àwọn tí ó sùn, a ó sì tún pín àwọn ayálégbé ká. Ènìyàn kọ́ ni yóò máa sáré kiri ṣe èyí. Ètò wà tí ó ń ṣọ́ agbo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, tí ó ń pa á, tí ó sì ń tàn án.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó wò ó, kí ẹ má baà rò pé àlọ́ ni mò ń pa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà gbé owó yúníìtì kan fún àwọn oníbàárà ìsọ̀rí A, èyí ni àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225. Iye náà ti yí díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n 225 ni n ó lò. Yúníìtì kan ni ẹgbẹ̀rún wáàtì fún wákàtí kan. Ká sọ pé sáfà kan ń jẹ wáàtì 200 nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, tí ó sì ń jẹ 400 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ dé góńgó. Bí mẹ́wàá wọn bá wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tí ó lè ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ wáàtì 230. Gbogbo wọn jẹ́ 2,300. Ní ọjọ́ kan, yúníìtì 55.2 nìyẹn, owó rẹ̀ sì jẹ́ náírà 12,420. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ tí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń ṣe kò ju iṣẹ́ ẹ̀rọ kan àti ààbọ̀ lọ. Bí a bá kó o sí mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìdajì agbára rẹ̀, wáàtì 300 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jẹ 900, yúníìtì 21.6 lójúmọ́, náírà 4,860. Ohun tí a ó rí fi pamọ́ jẹ́ náírà 7,560 lójoojúmọ́, èyí tí ó jẹ́ 2,759,400 ní ọdún kan. N kò tíì ka ẹ̀rọ amúlétutù tí ó ń lé ooru àwọn méje tí ó dákẹ́, n kò sì tíì ka dísẹ́ẹ̀lì tí ó wọ́n ju iná ìjọba lọ.

Àwọn kan yóò béèrè pé, bí mẹ́ta bá tó, kí ni ìdí tí a kò fi lo ẹyọ kan àti ààbọ̀ náà? Nítorí ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde ni. Ní ọjọ́ náà ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ yóò kan ìlẹ̀kùn kan náà láàrin wákàtí kan, sáfà tí ó sùn sì lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó la ojú. Onílé tí ó bá kó ayálégbé há ara wọn mọ́lẹ̀ ní alẹ́ yóò gbọ́ ariwo ní òwúrọ̀. Anton Beloglazov àti Rajkumar Buyya ní Yunifásítì Melbourne ní ilẹ̀ Australia tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí èyí ní 2012. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí a lè sọ pé ilé kan ti kún jù, ìgbà tí ó ti ṣófo débi tí a fi lè pa á, ayálégbé tí ó yẹ kí a gbé, àti ilé tí ó yẹ kí a gbé e lọ. Wọ́n rí i pé kò dára kí a fi ojú òní nìkan wo iṣẹ́; ó yẹ kí a wo bí ó ti ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ sódò tẹ́lẹ̀, kí a fi mọ àyè tí a ó fi sílẹ̀. Bí a bá ń tètè pa, tí a sì ń tètè tàn, wàhálà kíkó àti jíjí yóò jẹ èrè rẹ̀ tán. Agbẹ̀dẹ tí ń fi eérú bo iná rẹ̀ mọ èyí, bí kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní tòótọ́, kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni mo ti ń gbà á níyànjú ní ìpàdé pé kí àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ da ẹ̀rọ wọn pọ̀, ìdáhùn kan náà ni mo sì ń gbọ́: ẹ̀rọ wa ni, owó ìwádìí wa ni a fi rà á, a kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí inú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ wo àgọ́ àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn. Olúkúlùkù jókòó ti òfì tirẹ̀, ó ní òwú tirẹ̀, ó sì ní oníbàárà tirẹ̀. Ẹni tí ń hun ẹtù kò fọwọ́ kan sányán ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òrùlé ni wọ́n jọ ní. Mo rò pé àwa ọ̀mọ̀wé ni ó yẹ kí ojú tì, tí a fẹ́ kí òfì kọ̀ọ̀kan ní òrùlé tirẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀.

Ẹ̀rù kan wà tí n kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ìyẹn ni pé bí ilé kan bá jó, gbogbo ayálégbé inú rẹ̀ ni yóò sùn síta. Kíkó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sí ilé díẹ̀ mú kí ewu ilé kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí i. Nítorí náà, apá kan nínú owó tí a bá rí fi pamọ́ gbọ́dọ̀ lọ sórí bátìrì tí yóò fún ẹ̀rọ ní àyè láti sùn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí iná bá lọ, àti sórí ẹ̀dà kejì ní ìlú mìíràn. Ká ní a ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, n kì bá tí dúró níwájú yín lónìí sọ ọ̀rọ̀ ogójì kásẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ ìtutù kò gùn. Àwọn tí ń gbé òfin kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, ASHRAE, gbà pé kí atẹ́gùn tí ń wọ inú sáfà wà láàrin 18 sí 27 ní ìwọ̀n Celsius. Àwa a máa yí tiwa sí 16, bí ẹni pé ẹran ni a kó síbẹ̀. Ní Òkè-Ògùn, òru ìgbà ọyẹ́ lè bá wa tu yàrá bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí a rántí eruku: fèrèsé tí kò ní asẹ́ yóò sọ ẹ̀rọ di ẹbè ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàrin oṣù kan.

Mo fẹ́ padà sí lítíréṣọ̀. Ìwé a máa jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́. Ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, kò tíì béèrè yúníìtì kan láti ọjọ́ náà. Sáfà a máa jẹun lójoojúmọ́, yálà ẹnìkan kà á tàbí kò kà á. Nígbà tí a ń kó ewì alohùn wa kúrò lórí bébà àti kásẹ́ẹ̀tì, a kò bi ara wa pé ta ni yóò máa bọ́ ọ. Ẹkún tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan láàrin ọdún méjì kò yẹ kí ó wà lórí díìsìkì tí ń yí tọ̀sán-tòru. Téèpù wà tí a ṣe fún irú rẹ̀, tí a ń kọ nǹkan sí, tí a sì ń gbé sórí pẹpẹ. Kì í jẹ iná kankan àfi ìgbà tí a bá fẹ́ kà á. Àtòkọ rẹ̀, àti ìwọ̀nba tí a ń lò fún ẹ̀kọ́, ni kí ó wà lórí sáfà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ pé kí a kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Èkó, kí a sinmi. Rack Centre ti wà ní Orẹ́gùn láti 2013, èyí tí ilé-iṣẹ́ MainOne sì kọ́ sí Lẹ́kí ti wà láti 2015. Ilé-iṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà ra MainOne ní 2022. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ oníbàárà ni ó jọ ń lo òrùlé àti iná kan níbẹ̀, èyí tí mo ti ń sọ láti òwúrọ̀. N kò lòdì sí i pé kí ẹ̀dà kan lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Odò Ògùn, tí ó ṣàn láti agbègbè Ṣakí níhìn-ín, tí ó gba Ìkèrè lẹ́bàá Ìsẹ́yìn kọjá, tí ó sì lọ da omi rẹ̀ sí ọ̀sà Èkó. Ní Ìkèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìsédò ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí i, iná mànàmáná sì wà lára ohun tí wọ́n ní yóò pèsè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, omi nìkan ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó bá ti ọ̀dọ̀ wa ṣàn lọ sí Èkó kì í rọrùn láti fà padà. Bí owó ìforúkọsílẹ̀ bá pẹ́ kí a tó san án, tàbí tí wáyà bá já láàrin Ìsẹ́yìn sí Ọ̀yọ́, akẹ́kọ̀ọ́ Ìsẹ́yìn kò ní lè gbọ́ ohùn ìyá ìyá rẹ̀. Ẹ̀dà kan ní Èkó, ẹ̀dà kan níhìn-ín, sáfà mẹ́ta dípò mẹ́wàá: ohun tí mo kọ sínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ nìyẹn, mo sì ń retí èsì.

Nípa ogójì kásẹ́ẹ̀tì náà, a ti rí ẹ̀dà mẹ́tàlá gbà lọ́wọ́ ẹbí àwọn tí ó sun ẹkún inú wọn. Ìyá àgbàlagbà kan gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ọ̀kan, ó ní ìyàwó ìgbà náà mọ ọ̀rọ̀ sọ ju òun lọ. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni a ṣì ń wá. Ẹni tí ó bá mọ ilé tí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wà ní Ìsẹ́yìn, ní Òkèehò tàbí ní Ṣakí, kí ó jọ̀wọ́ rí mi kí a tó túká.